Kuátẹ́ẹ̀tì onílé kì í ṣe kuátẹ́ẹ̀tì àlejò: lẹ́tà ṣíṣí sí Gíwá yunifásítì wa

Sí Gíwá yunifásítì wa àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àbójútó.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ orin tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé ìkàwé, ibẹ̀ ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́ àti oyè kejì, ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní fayolíìnì báyìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kọ lẹ́tà yìí, lórí kuátẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin tí ẹ fẹ́ kí ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ orin wa; lẹ́tà náà sì ti dé ọ́fíìsì yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Èsì tí mo rí gbà kò ju ìlà méjì lọ, ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ rẹ̀: wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà mi, àwọn sì mọ rírì èrò mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún un kọ ní èdè tí mo fi ń ronú, ní gbangba, kí àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà lè bá mi kà á. Wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ sí kíláàsì fayolíìnì ní òwúrọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń jókòó sínú ọkọ̀ títí ọmọ yóò fi ṣe tán. Láìpẹ́ wọn yóò mú fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ náà wá sọ́dọ̀ yín, ó sì tọ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn yóò bá nílé.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé etí rẹ̀: ó lé ní ogún ọdún tí àwọn òṣèré mẹ́rin kan ti fi ilé ẹ̀kọ́ orin wa ṣe ibùgbé. Méjì ń ta fayolíìnì, ọ̀kan ń ta fíólà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n fayolíìnì tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹnì kẹrin sì ń ta ṣẹ́lò, èyí tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún méjèèjì. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kuátẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé nínú orin sákárà kò jìnnà sí wọn rárá: okùn ni, ọrun ni wọ́n sì fi ń fà á. Yunifásítì ló ń san owó oṣù wọn. Ní àárọ̀ wọ́n á jọ dánra wò nínú yàrá kan ní àjà kejì, ní ọ̀sán wọ́n á kọ́ wa. Kuátẹ́ẹ̀tì onílé ni mo ń pè wọ́n.

Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù tó kọjá sọ pé àdéhùn wọn yóò dópin nígbà tí sáà yìí bá parí, ẹ kò sì ní tún un ṣe mọ́. Dípò wọn, ẹ ó máa pe kuátẹ́ẹ̀tì olókìkí méjì tàbí mẹ́ta wá lọ́dún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lo ọjọ́ mẹ́ta, yóò ṣeré ní alẹ́ ọjọ́ kan, yóò kọ́ kíláàsì kan, yóò sì máa lọ. Ẹ pe èyí ní ìmúgbòòrò. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń wá ohun tó gbòòrò níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

1. Ẹ ka àwọn olùkọ́ mọ́ ìnáwó àríyá.

Nínú ìwé ìsúná tí ẹ so mọ́ lẹ́tà náà, abẹ́ "ètò fún aráàlú" ni ẹ kọ owó kuátẹ́ẹ̀tì sí, níbi tí owó ìwé ìpolówó àti owó ìpanu wà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti orí àga inú gbọ̀ngàn yóò rí ènìyàn mẹ́rin tó wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n ṣeré fún wákàtí méjì, tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún, tí wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Èmi tí mo máa ń jókòó sí igun yàrá ìdánrawò wọn rí nǹkan mìíràn.

Wọn kì í ti ìlẹ̀kùn yàrá náà. Ìlànà wọn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yòówù lè wọlé, kó jókòó, kó má ṣáà sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún kejì mi, mo wọlé bá wọn lórí ìlà mẹ́rin péré nínú orin Haydn kan. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò lórí ìlà mẹ́rin náà. Onífayolíìnì kejì ní òun kò gbọ́ ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ti ń mí kí ó tó wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun mí, wọn kò wo òun ni. Oníṣẹ́lò yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó pa ohun tó ti kọ síwájú ara rẹ̀ rẹ́, ó ní kí wọ́n ta á bí ẹni àkọ́kọ́ ti wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n tún ta á bí ẹnì kejì ti wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí etí dájọ́. Kò sí ẹni tó bínú jáde, kò sì sí ọ̀gá tó pàṣẹ, nítorí kuátẹ́ẹ̀tì kì í ní ẹni tó ń dúró níwájú fi ọ̀pá darí wọn. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nígbẹ̀yìn kì í ṣe ti ẹni àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ti ẹnì kejì. Mo jáde láti ibẹ̀ lọ bá àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ta orin, a sì tún ìjà wa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jà, lọ́nà tó sàn jù.

Irú nǹkan báyìí kò sí nínú ìwé. Kò sì lè sí nínú kíláàsì àlejò, nítorí àlejò kì í tú aáwọ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹni tó gbà á lálejò. Ohun tó ti dán ni yóò gbé wá.

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wa. Ilé Àyàn ni ọmọ ti ń kọ́ ìlù. Ìlù kékeré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọdé, yóò máa lù ú lẹ́yìn àwọn àgbà ní òde ìyàwó àti òde òkú, yóò máa gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń sọ àti bí omele ṣe ń gbè é, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ léjìká. Bí ẹ bá ní kí baba onílù náà máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọmọ náà yóò rí ìran wò. Kò ní mọ ìlù lù.

2. Ẹ̀rí tèmi.

Ní ọdún kẹrin mi, mo kọ orin kúkúrú kan fún kuátẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kí ṣẹ́lò sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù dùndún. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i lẹ́nu ni "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà", mo sì kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti yẹ: dò mí re, re mí, re re mí, dò dò. Lórí ìwé, ó pé. Nígbà tí oníṣẹ́lò ta á, ó dà bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fóònù. Ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe ní àyè tirẹ̀, kò sí èyí tó ń yọ̀ bọ́ sínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ìyọ̀bọ́ yẹn gan-an ni dùndún fi ń fọhùn: onílù á fún ọsán, ohùn á gòkè, á dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀ kalẹ̀.

Oníṣẹ́lò gbé ọrun lé itan. Ó bi mí pé, kí ni ọ̀rọ̀ náà? Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè, kí n rọra. Ó pè é tẹ̀lé mi, bó ṣe pè é burú jáì, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kó gbogbo gbólóhùn náà lọ sórí okùn kan ṣoṣo, èyí tó nípọn jù, ó fi ìka kan rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀ láìgbé ìka náà rárá. Ìgbà yẹn ni ó fọhùn. Ẹni tó ń ta fíólà, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, na ọwọ́ sókè, ó sì jẹ́ kó já wálẹ̀ níbi "sọ̀yà" gẹ́lẹ́, ó ní, "Ibí yìí, ibí yìí ló ti ń jókòó." Mo ti ń sọ Yorùbá láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò sì tíì ronú rí pé gbólóhùn yẹn ń jókòó síbì kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá, ìdajì wákàtí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un lọ́tọ̀. Owó oṣù tí ẹ ń san ló rà á. Kuátẹ́ẹ̀tì àlejò yóò wo ìwé orin akẹ́kọ̀ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, yóò yìn ín, nítorí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé wọn kò ní dúró dè wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń bá wa kà á má sọ pé orin àjèjì ni mò ń tìtorí rẹ̀ jà. Láti ọdún 1944 ni Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá, ti kọ orin African Suite fún ẹgbẹ́ olókùn. Ó padà wá kọ́ni ní ilẹ̀ yìí, ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio, Ohio náà ló sì kú sí ní 1987. Akin Euba, ọmọ Yorùbá tí òun náà ń kọ orin, kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Pittsburgh kan náà. Onílé ni àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn gbà wọ́n sí. Wọn kò pè wọ́n wá fún ọjọ́ mẹ́ta.

3. Ètò kuátẹ́ẹ̀tì onílé ní ìtàn, ìtàn rẹ̀ sì bá yín wí.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Belgium. Lákòókò náà, kuátẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Pro Arte Quartet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brussels ní nǹkan bí ọdún 1912, wà ní ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, tí wọ́n ń ta àwọn orin tí Beethoven kọ fún kuátẹ́ẹ̀tì tẹ̀léra tẹ̀léra fún àwọn ará ibẹ̀. Ilé kò ṣeé padà sí mọ́. Yunifásítì Wisconsin ní kí wọ́n dúró, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún náà wọ́n ti di ara ilé. Èyí ni wọ́n kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí yunifásítì ńlá kan ní Amẹ́ríkà gba odindi kuátẹ́ẹ̀tì sílé bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Alphonse Onnou, onífayolíìnì àkọ́kọ́ wọn láti ìpìlẹ̀, kú ní Madison ní oṣù kọkànlá ọdún 1940 náà. Ogun ń jà, ẹni tó ń ṣáájú ti kú, àwọn tó kù wà ní ilẹ̀ àjèjì. Bó bá jẹ́ ìwé ìsúná yín ni wọ́n lò, ọjọ́ yẹn ni ètò náà ì bá ti kú. Wisconsin wá ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Germain Prévost tó ń ta fíólà fún wọn ní kí Stravinsky, gbajúgbajà tó ń kọ orin, kọ orin ìrántí fún olóògbé náà, Stravinsky sì kọ ọ́ ní 1944, orin tí fíólà kan ṣoṣo ń dá ta. Ní 1944 kan náà ni Rudolf Kolisch, tí arábìnrin rẹ̀ jẹ́ ìyàwó Schoenberg, gbajúgbajà mìíràn tó ń kọ orin, wá di onífayolíìnì àkọ́kọ́, kò sì kúrò títí di 1967. Ọmọ àgbẹ̀ onímàlúù kan ní Wisconsin, tí kò tíì kọjá ẹnu ibodè ìpínlẹ̀ rẹ̀ rí, lè rìn wọ yàrá kan kó sì gbọ́ nípa orin Schoenberg lẹ́nu ẹni tó jẹ́ àna rẹ̀. Ó ju ọgọ́rin ọdún lọ tí ètò yẹn fi wà, tí àwọn kan ń kú, tí àwọn kan ń fẹ̀yìn tì, tí àwọn mìíràn ń bọ́ sí ipò wọn.

Madison nìkan kọ́. Takács Quartet, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin dá sílẹ̀ ní Budapest ní 1975, ti fi yunifásítì Colorado ní Boulder ṣe ilé láti àárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n ń rin ìrìn àjò káàkiri ayé, wọ́n sì ń padà wálé wá kọ́ni. Yunifásítì Duke ti ní Ciompi Quartet láti 1965. Ní Kánádà, àwọn obìnrin mẹ́rin tó jọ dá Lafayette Quartet sílẹ̀ ní 1986 wà ní yunifásítì Victoria láti 1991 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2023, àwọn mẹ́rin kan náà, láìpààrọ̀ ẹnì kankan. Bí irú ètò yìí yóò bá parí, bó ṣe yẹ kó parí nìyẹn: àwọn tó ń ṣe é ló sọ pé ó tó.

4. Owó.

Ẹ ní owó kò sí. N kò ní bá yín jiyàn pé owó ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ ìjọba ni mí, mo mọ ohun tí ọ̀wọ́n owó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin yìí kan náà ni olùkọ́ fayolíìnì, olùkọ́ fíólà àti olùkọ́ ṣẹ́lò ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ló ń jókòó ti àwọn ọmọ tó wá dánwò ìgbàwọlé, àwọn ló ń tọ́ àwọn kuátẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, àwọn ló sì ń ta orin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ. Bí wọ́n bá lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gba olùkọ́ mìíràn, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ orin máa ṣe láìsí olókùn kankan. Nínú ìwé ìsúná yín, ẹ yọ owó oṣù ẹni mẹ́rin kúrò, ẹ fi owó àlejò sí i, ẹ kò sì kọ kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn tí yóò rọ́pò wọn. Ẹ ti yọ owó, ẹ kò tíì ṣírò.

Owó mìíràn tún wà tí ẹ kò dárúkọ. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ìyá àgbà kan ní ìlú yìí, tí kì í pa eré kuátẹ́ẹ̀tì kankan jẹ, tó sì máa ń jókòó sí àga kan náà ní ìlà kẹta ní gbogbo ìgbà, kú, ó sì fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìpíngún rẹ̀: owó tí a kì í fọwọ́ kàn, tó jẹ́ èrè ọdọọdún rẹ̀ nìkan là ń ná. Mo wà lára àwọn tó ta orin níbi ayẹyẹ tí ẹ fi gbà á. Gíwá tó ṣáájú yín dúró lórí pèpéle, ó sì sọ pé owó náà wà fún kuátẹ́ẹ̀tì tó ń gbé láàárín wa. Mo gbọ́ ọ, fayolíìnì mi wà lábẹ́ àgbọ̀n. Níbo ni owó náà wà báyìí? Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi san owó hòtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò ni, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìyá náà gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Àwọn kan ní kí n dárúkọ pápá bọ́ọ̀lù tuntun síbí. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tó kọ́ pápá yẹn kò ti inú àpò kan náà wá, mo mọ̀ ọ́n, àríyànjiyàn tí kò mọ́ kò sì ní ran ọ̀rọ̀ tó mọ́ lọ́wọ́.

5. Ohun tí ẹ lè fi dá mi lóhùn.

Ẹ lè sọ pé kuátẹ́ẹ̀tì onílé náà lè bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ìgbéyàwó ẹni mẹ́rin ni, láìsí baálé. Ní ọdún 2000, àwọn mẹ́ta inú Audubon Quartet, tó wà ní Virginia Tech nígbà náà, lé ẹnì kẹrin wọn, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ipò wọn ní yunifásítì náà sì bá a lọ. Ẹni tó bá ń tọrọ kuátẹ́ẹ̀tì onílé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa kò jà. Ẹ̀yin náà kò sọ pé wọ́n jà.

Ẹ tún sọ pé iye akẹ́kọ̀ọ́ olókùn ti dín kù. Ó dín kù lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹni tó ń ta fíólà fẹ̀yìn tì, ọdún méjì gbáko ni ẹ kò fi gba ẹlòmíràn sí ipò náà. Ẹni tí ẹ bá rí ni ẹ ń lò ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi rán ọmọ méjì tó ń ta fíólà lọ sí yunifásítì mìíràn láàárín ọdún méjì yẹn, nítorí n kò lè dá orúkọ olùkọ́ kankan sọ fún àwọn òbí wọn. Ẹ so ẹsẹ̀ ẹṣin, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò sáré.

6. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké.

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kuátẹ́ẹ̀tì náà máa ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ìjẹun tí òórùn písà kò tíì jáde nínú rẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àga oníke tí àwọn ọmọ ń lò. Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n wá, oníṣẹ́lò pe ọmọ kan ní orúkọ, ó sì bi í bóyá okùn tó já nígbà yẹn ti di títúnṣe. Ọmọ náà ń sọ ọ́ di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

7. Bí ẹ ṣe ṣe é.

Èyí ló dùn mí jù. Àwọn mẹ́rin náà ka ìpinnu yín nínú ímeèlì ní wákàtí kan náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kà á. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ dún. Ẹ kò pe ìpàdé kankan ṣáájú, ẹ kò bi ilé ẹ̀kọ́ orin léèrè ohunkóhun tí a mọ̀ sí, ẹ kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tó wọlé ní ọdún yìí àti èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, èmi ni mo kọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Yunifásítì mìíràn fún un ní ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Mo mú òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá àjà kejì yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ méjì, wọ́n jókòó sí igun tí èmi náà máa ń jókòó sí, ọmọ náà sì ní ibí ni òun fẹ́. Ìyá rẹ̀ bi mí lójú ọ̀nà bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ pé, "Tíṣà, ṣé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ò ní lọ síbì kankan?" Mo ní, "Mọ́mì, onílé ni wọ́n."

Ní ọjọ́ tí ímeèlì yín jáde, ó pè mí láti ibi iṣẹ́. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé onílé ni wọ́n." N kò rí èsì kankan fún un. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní èsì, mo sì ti jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

8. Ohun tí mo ń béèrè.

Mo bẹ̀ yín, Gíwá, mo sì ń fi ẹ̀tọ́ béèrè gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín àti ẹni tó ń san owó orí ní ìpínlẹ̀ yìí:

Kí ẹ dá ìpinnu náà dúró títí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ olókùn tó wọlé nígbà tí kuátẹ́ẹ̀tì wà nípò yóò fi parí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ṣì ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀.

Kí ẹ gbé ìṣírò tó pé jáde, èyí tí owó àwọn olùkọ́ tí yóò rọ́pò wọn wà nínú rẹ̀, kí gbogbo wa lè rí iye tí ẹ ó fi pamọ́ ní ti gidi, bó bá wà.

Kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìpíngún ìyá àgbà yẹn jáde, èyí tó kan owó náà nìkan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti fi èrè rẹ̀ ṣe láti ọdún tí ẹ ti gbà á.

Kí ẹ yọ owó kuátẹ́ẹ̀tì kúrò lábẹ́ "ètò fún aráàlú", kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀kọ́, níbi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti pinnu pé àwọn mẹ́rin yìí gbọ́dọ̀ lọ bó ti wù kó rí, kí ẹ wá sí yàrá àjà kejì ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun èyíkéyìí kí sáà yìí tó parí. Ìlẹ̀kùn kò tì. Ẹ jókòó sí igun fún wákàtí kan, kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ìpàdé Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tó ń bọ̀ ṣí sílẹ̀ fún aráàlú, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí òfin yín fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ tí mo sọ nípa rẹ̀ náà ti forúkọ sílẹ̀. Ó ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, mo ń retí èsì tó ní orúkọ ènìyàn nísàlẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín tẹ́lẹ̀, olùkọ́ fayolíìnì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba